Jàmíù Káfíńtà, Ajá Wa, àti Ariwo Míkísà

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama nípa ohun ẹlẹ́mìí, ọdọọdún ni mo sì ń sọ ìtàn ajá àti agogo fún wọn. Òyìnbó kan ń lu agogo, ó ń fún ajá lẹ́ran. Nígbà tó yá, ó lu agogo láìfún un ní nǹkan kan, itọ́ sì ń dà lẹ́nu ajá. Mo máa ń ya ajá náà sára pátákó, ma á ya itọ́ rẹ̀ gbọọrọ kí àwọn ọmọ lè rẹ́rìn-ín. Bí ọmọ kan bá wá béèrè pé ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ènìyàn rí, ma á ní ènìyàn ní làákàyè, kó jókòó. Ojú ìdáhùn yẹn ń tì mí báyìí. Jàmíù ló jẹ́ kó máa tì mí.

Ọmọ Ìkirè ni Jàmíù, ó ti lé díẹ̀ lógójì ọdún. Káfíńtà ni, àmọ́ kì í kan bẹ́ẹ̀dì, kì í kan àga. Dẹ́kì ló ń kàn. Ẹ ti rí i níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́ ilé alájà ní ìhà Ajah wa níbí: wọn á na bámbù ró jìngbìnnì, wọn á tẹ́ pákó lé e lórí, àwọn lébírà á wá da kọnkéré sórí pákó náà títí á fi le. Ìlànà kan wà láàárín àwọn káfíńtà yìí tí mi ò gbọ́ rí kí n tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá kan dẹ́kì ló gbọ́dọ̀ dúró lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń da kọnkéré sí i. Á máa rìn láàárín bámbù pẹ̀lú hámà lọ́wọ́, á máa fetí sí igi. Bámbù tó bá fẹ́ yẹ̀, á fi pákó há a nídìí, á kàn án padà. Bí àwọn lébírà bá dé tí wọn ò rí káfíńtà lábẹ́, wọn ò ní gun òkè, èmi ò sì bá wọn wí.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, dẹ́kì kan já lé Jàmíù lórí lápá Ṣàngótẹ̀dó. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, yanrìn tí bámbù dúró lé ti rọ̀, ẹni tó ni iṣẹ́ náà sì ní dandan ni kí wọ́n da kọnkéré lọ́jọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó kú, a dúpẹ́. Pákó ló pin Jàmíù mọ́lẹ̀, apá rẹ̀ òsì kán. Àwọn tó wà lókè fò sílẹ̀, wọ́n ń sá kiri, kò sì sẹ́ni tó rántí pa ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré, èyí tí gbogbo wọn ń pè ní míkísà. Ó tó ìṣẹ́jú ogójì kí wọ́n tó fa Jàmíù yọ. Kò rí nǹkan kan nínú òkùnkùn ibẹ̀, kò gbóhùn ẹnikẹ́ni. Míkísà nìkan ló ń gbọ́, tó ń ké, tó ń yí, tí ò dákẹ́.

Apá san láàárín oṣù mẹ́ta. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n tan míkísà, ó ju hámà sílẹ̀, ó di ojú títì. Wọ́n fi í ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Nígbà tó yá, ariwo jẹnẹrétọ̀ ńlá náà bẹ̀rẹ̀ sí í lé Jàmíù sá, ẹ̀yin náà sì mọ iye jẹnẹrétọ̀ ńlá tó wà láti Lẹ́kkí dé Ajah. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹnìkan tí wọ́n jọ ń kírun mú un wá bá ọmọ mi, Ọláṣùmbọ̀, tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Igbó Ẹfọ̀n, bó ṣe di ẹni tó ń ṣọ́ géètì wa nìyẹn.

Ajá kan wà nílé náà, Tanímọ̀la lorúkọ rẹ̀. Ọláṣùmbọ̀ rà á kó lè máa ṣọ́lé, àmọ́ kò ṣọ́ nǹkan kan. Ẹni tó wà ní géètì kí Jàmíù tó dé ti máa ń fi ẹ̀wọ̀n géètì nà án, a ò sì tètè mọ̀. Látìgbà náà, bí ẹ̀wọ̀n bá ti dún báyìí, Tanímọ̀la á wọ abẹ́ mọ́tò, á tọ̀ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ géètì wa ń ṣí ní ìgbà mẹ́wàá lóòjọ́. Olè ìbá wọlé, ajá wa ni ìbá kọ́kọ́ sá pamọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí Jàmíù dé, mo rí i láti ojú fèrèsé, ó lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ó ń bá ajá sọ̀rọ̀. Ó ń ṣàlàyé fún un pé ẹni tó ń nà án ti lọ, pé òun kì í na ẹranko. Mo rẹ́rìn-ín títí, mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá a. Tíṣà kì í fẹ̀yìn tì tán. Mo sọ fún un pé àlàyé ò lè wọ ajá létí, ara ajá ló kọ́ ẹ̀kọ́ burúkú, ara náà la máa tún kọ́. Kó di ẹ̀wọ̀n mọ́nú aṣọ, kó lọ sí ọ̀nà jíjìn, kó mì ín díẹ̀, kó sì ju orí ẹja sí ajá lójú ẹsẹ̀. Bó bá di ọ̀la, kó sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i. Bí etí ajá bá ti le, kó padà sẹ́yìn.

Jàmíù ṣe é bí ẹni tó ń wọn pákó. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé dé géètì, ìlà kan fún ọjọ́ kan, kò sì fo ìkankan. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún, ó tú aṣọ kúrò lára ẹ̀wọ̀n, ó fà á gbàlàgbàlà lára irin géètì. Tanímọ̀la sáré wá láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń jùrù, itọ́ ń já lẹ́nu rẹ̀ gbọọrọ. Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo sáré.

Ibẹ̀ ni Jàmíù ti yíjú sí mi, tó béèrè pé, "Màmá, ṣé ó lè ṣiṣẹ́ fún ènìyàn?"

Ọjọ́ yẹn ló tó sọ gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ yìí fún mi. Mo ti ṣàkíyèsí pé bí wọ́n bá ti ń po kọnkéré níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé lọ́ọ̀ọ́kán wa, Jàmíù á wọ yàrá lọ. Ó máa ń ní òun fẹ́ kírun. Mo rò pé olùfọkànsìn ni. Ó wá sọ fún mi pé Ọ̀gá Àyúbà, kọ́ńtírátọ̀ tí òun bá ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá, ń kọ́ ilé alájà mẹ́ta kan ní Addo, ó sì fẹ́ kí òun wá kan dẹ́kì àkọ́kọ́. Kíkàn kì í ṣe ìṣòro, torí wọn kì í tan míkísà lásìkò tí wọ́n bá ń kan pákó. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ da kọnkéré ni. Ọ̀gá Àyúbà ti fi Sátidé kan sí i, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí ìgbà náà. Ọ̀gá náà ní bí Jàmíù ò bá lè dúró lábẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun á wá káfíńtà mìíràn, kò sì sí kọ́ńtírátọ̀ kankan tó máa pè é mọ́ ní gbogbo agbègbè yìí.

Jàmíù ní, "Iṣẹ́ géètì yìí dára, Màmá, mo dúpẹ́. Àmọ́ káfíńtà ni mí."

Ẹ gbọ́ ohun tí èmi tíṣà sọ. Mo ní tiẹ̀ á rọrùn ju ti ajá lọ. Mo ní ajá ò mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ò lè dìde fúnra rẹ̀ kó nà án, ṣùgbọ́n ìwọ Jàmíù mọ̀ pé míkísà kọ́ ló wó dẹ́kì, yanrìn tútù ni. Mo ní ẹni tó mọ̀ kò nílò láti máa fa ìlà ṣọ́ọ̀kì. Ó gbà mí gbọ́, torí mo ti fi ajá hàn án.

Lọ́jọ́ kejì, ó ra ẹ̀wà àgànyìn àti búrẹ́dì, oúnjẹ tó fẹ́ràn jù láyé. Ó gbé e lọ sí ọ̀ọ́kán, ó jókòó lórí búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ míkísà, ó ní kí wọ́n tan án. Ṣíbí mẹ́ta ló jẹ. Abọ́ já, ó bì, ó sì sá. Ojú títì ńlá ni wọ́n ti bá a, ó di òpó iná mú, kò lè sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n mú un wálé, Ọláṣùmbọ̀ wò mí, ó ní, "Màmá, ṣé ajá lẹ fi ọkùnrin yìí ṣe?" Mo ní ìbá sàn bí mo bá fi í ṣe ajá. Ajá ni mo fún ní ọjọ́ mẹ́rìnlélógún.

Kò tún lè jẹ ẹ̀wà mọ́ látọjọ́ náà. Bó bá gbóòórùn ata rẹ̀ lásán, èébì á máa gbé e. A fẹ́ kí oúnjẹ sọ ariwo di dídùn, àmọ́ ariwo ló tóbi jù, ló bá ba oúnjẹ jẹ́. Bákan náà gẹ́lẹ́ ni ìbá rí ká ní mo so Tanímọ̀la mọ́ géètì lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo ti orí ẹja bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ohun tó ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ara Jàmíù àti ara ajá, iléèwé kan náà ni wọ́n lọ, làákàyè tí mo ń fi yangàn ò sì gbà á là. Ó tiẹ̀ ṣe é níbi, torí làákàyè ló sọ fún un pé kó fo gbogbo ìlà.

Mo bẹ̀ ẹ́. Àgbà kì í sábà bẹ ẹni tó ń ṣí géètì fún un, àmọ́ mo bẹ̀ ẹ́, ó sì dùn mí dọ́kàn. Ọjọ́ méjì ni kò fi bá mi sọ ju ẹ káàárọ̀ lọ. Ní ọjọ́ kẹta, ó wá bá mi ní ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́.

"Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ajá ti bẹ̀rẹ̀," ó ní.

A gba ariwo míkísà sórí fóònù mi. Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo gbé fóònù sínú ilé, mo ti ilẹ̀kùn, Jàmíù jókòó sídìí kànga ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń jẹ ẹ̀pà sísun, Tanímọ̀la dùbúlẹ̀ sẹ́sẹ̀ rẹ̀. Agbára káká ló fi ń gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ kejì mo ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo kà léèwọ̀ fún un: kò gbọdọ̀ dìde kúrò níbẹ̀ kí àyà rẹ̀ tó wálẹ̀. Gbogbo ìgbà tó ti sá wọ yàrá lọ kírun, ara rẹ̀ ti ń kọ́ pé sísá náà ló gbà á là, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù náà ò fi gbó láti ọdún méjì. Ó gbà. Á fi ọwọ́ lé àyà, á máa fọkàn ka bámbù, nígbà míì ó máa ń ka bámbù tó tó igba kó tó lè sọ pé ó ti wálẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. A ti ẹ̀yìnkùlé dé ẹ̀gbẹ́ ilé, a ti ẹ̀gbẹ́ ilé dé géètì, a pa fóònù tì, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ míkísà gan-an láti òdìkejì títì.

Àwọn nǹkan kan wà tí ajá ò ní kọ́ mi láéláé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo kàn dárúkọ míkísà lásán níbi tí mo ti ń mu tíì, mo rí òógùn níwájú orí Jàmíù. Ẹ máa pe ẹ̀wọ̀n fún Tanímọ̀la títí ilẹ̀ á fi ṣú, ìrù lá máa jù. Ajá ò sì mọ Sátidé. Òní ni gbogbo ọjọ́ rẹ̀. Àmọ́ bí Sátidé ti ń bọ̀, Jàmíù ń rù. Ó ti ń lọ kan pákó ní Addo láàárọ̀, ó ń padà wá sí géètì lọ́sàn-án, ó sì ń gbọ́ ariwo ọjọ́ tí ò tíì dé.

Síbẹ̀, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́jọ, ó dúró sí etí gọ́tà lọ́ọ̀ọ́kán, míkísà ń ké ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ márùn-ún sí i, ó sì jẹ ẹ̀pà tán. Mo jó díẹ̀. Orúnkún mi ò dára, mo sì jó.

Kò pẹ́ tí Ọláṣùmbọ̀ fi gbé Tanímọ̀la lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ dókítà ẹranko ní Lẹ́kkí Phase 1. Géètì ibẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀wọ̀n dún, ajá wa tọ̀ sí bàtà Ọláṣùmbọ̀, ó sì ń wá abẹ́ mọ́tò. Ọláṣùmbọ̀ bínú délé, àmọ́ èmi ò bínú, ọkàn mi ni ò balẹ̀. Ohun tí ajá kọ́ nídìí géètì wa, ìdí géètì wa ló fi í sí. Ẹ̀rù àtijọ́ ò kúrò, ó kàn sùn ni, ó sì jí níbòmíràn. Bẹ́ẹ̀ Igbó Ẹfọ̀n ni Jàmíù ti kọ́ tiẹ̀, Addo ló ń lọ, abẹ́ dẹ́kì ló sì ń lọ.

Mo rò ó fún ọjọ́ méjì bóyá kí n dákẹ́. Lọ́jọ́bọ̀, mo sọ ọ́ fún un. Ó bi mí pé ṣé kóun ṣì lọ. Mo ní mi ò mọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ ènìyàn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa dá akẹ́kọ̀ọ́ lóhùn bẹ́ẹ̀. Jàmíù mi orí, ó dúpẹ́, ó padà sídìí ayùn rẹ̀ tó ń pọ́n.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo bá a lọ sí Addo. Ọláṣùmbọ̀ ní kí n má lọ, mo lọ. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní òdìkejì, mo ń wo inú ilé náà kedere. Àwọn lébírà tó tó ogún ti to páànù kọnkéré sílẹ̀, àwọn obìnrin wà nínú wọn. Ọ̀gá Àyúbà, ọkùnrin pẹlẹbẹ kan tó ń wọ fìlà funfun, ń rìn kiri. Jàmíù wọ abẹ́ dẹ́kì pẹ̀lú hámà. Ó fi ọwọ́ kan bámbù kan, ó tún fi kan òmíràn. Wọ́n tan míkísà.

Mo rí i nígbà tí ariwo náà dé sára rẹ̀. Èjìká rẹ̀ gòkè, hámà bọ́. Ó yíjú sí ojú títì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti jáde kúrò lábẹ́ pákó. Àwọn lébírà tó wà lórí àkàbà dúró, wọ́n ń wò ó. Mo dìde, mi ò lè fara dà á, ẹ̀bi mi ni mo ń wò yẹn.

Mo pè é látòkèèrè, mo ní, "Jàmíù, jáde wá. O ti gbìyànjú. Ó tó."

Ó wò mí. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹn padà wọ abẹ́ dẹ́kì.

"Ẹ̀rù ń bà mí, Màmá," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó máa bà mí."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú hámà nílẹ̀. Ó lọ síbi bámbù àkọ́kọ́, ó fi hámà kàn án, ó gbé etí lé e. Ó lọ síbi èkejì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé mo ń rí ṣòkòtò tó ń mì, àmọ́ ó ń lọ. Ẹni tó ṣíwájú lórí àkàbà gbé páànù rẹ̀ gun òkè. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

Wákàtí márùn-ún ni. Mi ò mọ ìgbà tí àyà rẹ̀ wálẹ̀, mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ó wálẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé àárín, mo gbọ́ tó pariwo pé kí wọ́n dúró. Gbogbo wọn dúró. Bámbù mẹ́ta ló ti ń rì lápá ọ̀tún. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ lábẹ́ ẹrù kọnkéré náà, omi sìmẹ́ńtì ń kán sí i lẹ́yìn, ó fi pákó há wọn nídìí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kàn wọ́n. Míkísà ń ké ní gbogbo àkókò náà. Kò ní kí wọ́n pa á. Ó dìde, ó ní kí wọ́n máa dà á lọ.

Nígbà tí wọ́n parí, ó jáde, ó jókòó sórí òkìtì yanrìn. Wọ́n fún un ní píọ̀ wọ́tà. Ó fà á títí, kò já. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń ru kọnkéré fi eyín já a, ó gbé e sí i lẹ́nu bí ìyá ọmọ, ó mu. Ọ̀gá Àyúbà wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi náà ti kọjá títì dé ibẹ̀, mo fẹ́ sọ fún Jàmíù pé ó ti parí, pé kó wálé kó sinmi.

Jàmíù nu ẹnu, ó gbójú sókè wo Ọ̀gá Àyúbà, ó bi í pé ọjọ́ wo ni wọ́n máa da ti àjà kejì.